Orin Ìkòkò àti Yàrá Kéréètì Ẹyin

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò Òkè-Amọ̀ tó ń jẹ́ Ìṣọ̀lá. Iṣẹ́ lébìrà ló ń ṣe; òun ló ń po kọnkéré fún àwọn bíríkìlà, òun ló ń ru búlọ́ọ̀kù gun àkàbà. Kì í sọ̀rọ̀. Bí o bá yìn ín, á mi orí. Bí o bá bú u, á mi orí bákan náà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí Ìṣọ̀lá bá la ẹnu, kí oníkálukú yára ká aṣọ tó sá sóòrùn, òjò ló fẹ́ rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí Elédùmarè bù kúrò lẹ́nu rẹ̀, etí rẹ̀ ló bù ú kún. Kí òjò tó sọdá odò, Ìṣọ̀lá á ti gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, bó bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí oòrùn rọra ń yọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ohùn àdúgbò a máa wọ́ kọjá lórí rẹ̀ bí ìkùukùu: ìró odó, ẹkún ọmọ, àkùkọ tí kò mọ àkókò. A sì máa dà bí ẹni pé gbogbo wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́, tí oorun á sì gbé e lọ kó tó gbọ́ ọ.

Ìfẹ́ ohùn yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ó tú etí kékeré tó wà nínú fóònù tó ti kú, ó fi òjé jó wáyà mọ́ ọn lára, ó sì tì í bọ inú agolo mílíìkì tó ti lu lójú. Ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ so agolo náà rọ̀ sí àárín wáyà roboto kan, kó má baà máa gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Ẹsẹ̀ fáànù tó ti bàjẹ́ ló fi gbé e dúró, ó sì na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bo iwájú rẹ̀, kí èémí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má baà fẹ́ lù ú. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé pańpẹ́ èkúté ni. Ṣùgbọ́n bí o bá so ó mọ́ fóònù, tí o ki íyápíìsì bọ etí, wàá gbọ́ bí ewé ṣe ń fara kan ewé lẹ́yìn ilé.

Rafíù onígbàjámọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹnu tirẹ̀ kò sì sinmi rí. Àwọn méjèèjì ló jọ dá ètò kan sílẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní pọ́díkáàsì. Rafíù a jókòó ti àgbàlagbà kan, á máa bi í léèrè ìtàn ìlú. Ìṣọ̀lá a wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò ní fọhùn. Bó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá wù lè gbọ́ ọ. Ènìyàn mọ́kànlélógójì péré ló ń gbọ́ wọn. Rafíù ń pè wọ́n ní "àwọn ọmọlẹ́yìn wa káàkiri àgbáyé".

Nǹkan kan wà tí Ìṣọ̀lá ń wá, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò mọ ìyá rẹ̀. Àyọ̀ká ni ìyá náà ń jẹ́, amọ̀kòkò ni, ó sì kú kí Ìṣọ̀lá tó mọ ìrìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní abúlé. Àwòrán Àyọ̀ká kankan kò sí. Ìgbà tí Ìṣọ̀lá fi padà sí Òkè-Amọ̀, ike ni gbogbo ènìyàn fi ń pọnmi, àwọn amọ̀kòkò sì ti kú tán, àfi Ìyá Àwẹ̀ró nìkan.

Ìyá Àwẹ̀ró yìí àti Àyọ̀ká jọ jẹ́ ìyàwó ilé kan náà. Òun nìkan ló kù tó mọ orin ìkòkò, orin tí àwọn obìnrin ń kọ bí wọ́n bá ń mọ amọ̀. Obìnrin mọ́kànlá ló wà nínú orin náà, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ mọ ìkòkò ní Òkè-Amọ̀. Olúkúlùkù ló ní ẹsẹ tirẹ̀.

"Ìyá tìẹ ló kẹ́yìn," ni màmá náà wí fún Ìṣọ̀lá lọ́jọ́ kan. "Èmi ni mo fẹnu ara mi fi í kún un, lọ́dún tó kú."

Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀, Ìṣọ̀lá sì rọra la ẹnu. "Kí lẹ sọ nípa màmá mi, Ìyá?"

"Háà, ọkọ mi, a kì í bẹ̀rẹ̀ orin ìkòkò láti ìdí. Àwọn tó ṣáájú ńkọ́? Ṣé kí n fò wọ́n dá ni? Lọ́jọ́ tí mo bá kọ ọ́ láti orí, wàá gbọ́ ti ìyá rẹ."

Ọjọ́ náà kò tíì pé tí ìròyìn fi dé pé Jọláadé, ọmọ Ìyá Àwẹ̀ró, ń bọ̀ wá mú un lọ sí Kàdúná lọ́jọ́bọ̀, kó lè máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Màmá náà ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àlọ rẹ̀ lè má ní àbọ̀.

Ìṣọ̀lá àti Rafíù fi gbígba orin náà sílẹ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìṣọ̀lá ìbá ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé màmá náà, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlélógójì yẹn kọ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹni náà ní: "Ìtàn yín dára o, ṣùgbọ́n ṣé inú ilé adìyẹ lẹ ti ń gbà á sílẹ̀ ni?"

Rafíù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìṣọ̀lá kò lè jẹun alẹ́. Ó pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé orin tí orúkọ ìyá òun wà nínú rẹ̀, adìyẹ kan kò ní ké sínú rẹ̀.

Ó kó kéréètì ẹyin jọ lọ́dọ̀ àwọn aládìyẹ, ó kàn wọ́n mọ́ gbogbo ògiri yàrá rẹ̀ àti òkè àjà, kí wọ́n lè mu ariwo. Ó gé fóòmù tó ń sùn lé sí wẹ́wẹ́, ó fi dí fèrèsé àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó yọ aago ògiri kúrò. Nígbà tó parí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó sì dúró láàárín yàrá. Ohun gbogbo pa rọ́rọ́. Ó gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó ń ṣàn bí òjò lóko tó jìn. Ó gbọ́ bí ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe ń pàdé. Ó dà bí ẹni pé ayé kò tíì bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Rafíù lọ bẹ ẹlẹ́rọ ata kó dáwọ́ dúró, ó lé adìyẹ dé ojú títì, ó sì mú Ìyá Àwẹ̀ró wọlé. Màmá náà wo ògiri yíká.

"Ẹyin mélòó lẹ jẹ báyìí?"

"Ìyá, Ìṣọ̀lá ló jẹ ẹ́ o," ni Rafíù dáhùn. "Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ̀rọ̀, ẹyin ti dí i lọ́fun."

Ìṣọ̀lá fi ìka sí ẹnu. Ó gbé àga fún màmá náà, ó ti agolo mílíìkì sí iwájú rẹ̀, ó sì mi orí pé kó máa kọrin. Ìyá Àwẹ̀ró di ojú. Ohùn rẹ̀ jáde, ó tinrín, ó sì mọ́ bí okùn òwú:

*Ta ló rìn yí ìkòkò ká?*

Ó dákẹ́. Ó ń dúró. Rafíù ya ẹnu, Ìṣọ̀lá sì yára ju ọwọ́ sí i pé kó panu mọ́. Yàrá náà mu ohùn náà bí iyanrìn ṣe ń mu omi, kò sì dá nǹkan kan padà.

*Ta ló rìn yí ìkòkò ká?*

Ó tún dúró. Nígbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó la ojú, ó wo àwọn kéréètì náà bí ẹni tó jí sí ìlú tí kò mọ̀.

"Ṣé gbogbo wọn ti kú tán ni?" ló bèèrè.

"Àwọn ta, Ìyá?" ni Rafíù wí.

"Orin náà ti fò kúrò lórí mi. Ẹ mú mi lọ sílé, ọmọ mi. Yàrá yìí kò dáa fún ènìyàn."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ta ilẹ̀kùn, ó sì jáde. Lọ́jọ́ kejì, Rafíù lọ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò rántí orin kankan mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun di ẹrù òun.

Ìṣọ̀lá kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó sórí ilẹ̀ nínú yàrá náà, ó ki íyápíìsì bọ etí, ó ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbà. Ohùn náà mọ́ tónítóní, kò sí adìyẹ, kò sí odó. Ìbéèrè, ìdákẹ́. Ìbéèrè, ìdákẹ́. Ó gbọ́ ọ títí oòrùn fi yí sí apá kejì. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìdákẹ́ náà fúnra rẹ̀. Gígùn rẹ̀ dọ́gba lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dà bí àyè tí bíríkìlà fi sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn nígbà tí ilé ń lọ sókè: kì í ṣe òfo, ẹnìkan ló yẹ kó gba ibẹ̀ wọlé. Nínú àyè náà, ó gbọ́ èémí kan tí ẹnìkan há mọ́yà. Èémí tirẹ̀ ni.

Ilẹ̀ ọjọ́bọ̀ kò tíì mọ́ tán tó fi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ rù, tó sì lọ bu amọ̀ létí odò. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àwẹ̀ró, Jọláadé ti dé, ó ń gbé àpò sínú ọkọ̀.

"Bọ̀dá Ìṣọ̀lá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà jìn. Ẹ má dá wa dúró."

Ìṣọ̀lá sọ amọ̀ náà kalẹ̀ lẹ́bàá àkúfọ́ ìkòkò tí màmá náà máa ń mọ amọ̀ lé lórí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Ìyá, ẹ kọ́ mi ní ègbè rẹ̀."

Màmá náà wò ó. "Kí lo wí?"

"Èmi ni n ó gbè é."

Rafíù, tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, dúró sójú kan. "Ẹ̀yin ará, ẹ ká aṣọ o! Òjò dé!"

Ìyá Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin kì í gbe orin ìkòkò. Ohùn yín á máa dún bí ewúrẹ́ tó já sí kànga."

"Ewúrẹ́ sàn ju kéréètì lọ, Ìyá," ni Rafíù wí.

Màmá náà ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan amọ̀ náà, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wo ibà lára ọmọ. "*A rí i o, a rí i.* Gbogbo ègbè náà nìyẹn. Jọláadé, ìwọ náà wá gbè é. Àpò kò ní sá lọ."

Ó tẹ amọ̀ náà lé orí àkúfọ́ ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn yí i ká, gẹ́gẹ́ bí àwọn amọ̀kòkò Òkè-Amọ̀ ti ń ṣe láti ayébáyé. Agolo mílíìkì náà dúró lórí ẹsẹ̀ fáànù rẹ̀, ó ń gbọ́.

*Ta ló rìn yí ìkòkò ká?*

*A rí i o, a rí i.*

*Ẹfúnyẹmí ló rìn yí i ká, ó gbé amọ̀ odò wálé.*

*A rí i o, a rí i.*

Ohùn Ìṣọ̀lá ha, ó sì ṣì í mú lẹ́ẹ̀mejì. Adìyẹ ké. Ẹlẹ́rọ ata tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn ni ẹsẹ̀ màmá náà ń yá sí i, orúkọ sì ń tẹ̀lé orúkọ, bí ẹni pé àwọn obìnrin náà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, tí aṣọ wọn ń tú eruku. Ìṣọ̀lá kò mọ ìgbà tí òun náà dìde, tó ń fẹ̀yìn rìn. Mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Nígbà náà ni Ìyá Àwẹ̀ró gbé ojú sókè, ó wò ó, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀:

*Àyọ̀ká ló rìn yí i ká.*
*Ó ń fẹ̀yìn rìn, kò wẹ̀yìn wò;*
*ọmọ tó pọ̀n ló ń ṣíwájú.*

Rafíù gbójú sílẹ̀. Jọláadé fi ọwọ́ bo ẹnu. Àyè náà ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, ìwọ̀n gígùn kan náà, ó ń dúró de ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn elégbè tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ nígbà tí Àyọ̀ká ń rìn, lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nínú ọ̀já.

"A rí i o," ni Ìṣọ̀lá kọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí amọ̀. "A rí i."

Ìyá Àwẹ̀ró àti Jọláadé lọ sí Kàdúná lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìkòkò tútù náà sì kù síbi tó wà. Ìṣọ̀lá fa gbogbo kéréètì náà ya kúrò lára ògiri, ó dá fèrèsé rẹ̀ padà fún adìyẹ àti odó. Títí di òní, bí ẹnìkan bá pa ẹnu mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń retí kí ọ̀rọ̀ ilé dé etí òun láìdá sí i, àwọn àgbà Òkè-Amọ̀ á rántí lébìrà tó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, wọn á sì pa á lówe fún un pé: ẹni tí yóò gbọ́ orin dé ìdí, òun náà ni yóò gbè é.