Irúgbìn Mẹ́ta ti Ìbídùnní

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ, ẹnu tèmi ló sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ mi, ọmọ ìlú Ìgbónlá. Ọdẹ ni baba mi, ọdẹ ni baba rẹ̀. Ní ilé wa, a kì í fi àbá mọ ohun tó wà nínú ẹran. A ó fi ọ̀bẹ là á, a ó sì fojú rí i. Ìbídùnní ni mo fẹ́, obìnrin tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń kí. Láàárín ọdún méjìlá, oyún mẹ́rin dé, oyún mẹ́rin sì bàjẹ́ kí oṣù wọn tó pé mẹ́ta. Lẹ́yìn ìkẹrin, ìyá mi dúró lójúde, ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, igi gbígbẹ lo gbìn sílé baba rẹ." Ìyàwó mi ń gbọ́ láti inú yàrá. Èmi náà gbọ́, mo wọlé lọ nu ìbọn mi.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ní mo ń lọ sí Igbó Àìtíìdé, níbi tí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ń gbé. Ìbídùnní di aṣọ mi mú, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má lọ nítorí ẹnu ìyá yín. Bí ẹ ó bá lọ, ẹ lọ nítorí tèmi." Mo ní nítorí rẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Ìtìjú ló ń lé mi.

Ọjọ́ méje ni mo fi rìn. Igbó náà ṣú bí inú ìkòkò, ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde. Mo pàdé iwin kan tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó ní láti gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó rí mi. Òun ló fọ̀nà hàn mí dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aláàrò, àjèjì arúgbó tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyin iná.

Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, ta ló ń dáná sínú ọmọ kó tó lè dàgbà?"

Mo ní, "Baba ni, ìyá àgbà, nítorí ti baba lọmọ ń jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ewé fi já lórí igi. "Orúkọ ni baba fún un. Nínú irúgbìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, àìmọye ààrò kéékèèké ló wà tó ń fún un lágbára, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni gbogbo wọn sì ti wá, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ti ìyàwó rẹ ti ń jó lọ sílẹ̀. Kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ọjọ́ ló ń lọ, ara sì ń rẹ iná."

Ó gbé igbá omi mẹ́ta kalẹ̀. Irúgbìn kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó orí abẹ́rẹ́. "Tìrẹ àti ti Ìbídùnní ló pàdé nínú wọn. Ọ̀kan ní iná tó lè gbé e dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Mú un, ó di tìrẹ. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan irúgbìn. Omi tí ó sùn sí ni kí o tọ́ wò, nítorí abọ́ ni í sọ bí àlejò ṣe jẹun sí."

Mo tọ́ ti àkọ́kọ́ wò: ó kan. Ìkejì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìkẹta náà lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì dùn díẹ̀. Ọkàn mi ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń ṣiyèméjì.

"Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni arúgbó náà wí. "Tún tọ́ ọ wò."

Àmọ́ ọmọ ọdẹ ni mí. Bó ṣe yíjú sí ààrò rẹ̀, mo fi ẹ̀gún la irúgbìn kẹta. Áà! Mo rí àwọn ààrò náà, wọ́n ń tàn bí ìràwọ̀ ọyẹ́, wọ́n pọ̀, wọ́n gbóná, wọ́n lẹ́wà. Lójú mi níbẹ̀, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó bi mí pé, "Ṣé o ti rí i?"

Mo ní, "Mo rí i."

"Òun náà ni ì bá dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀." Ó ti igbá kejì sí mi. "Iná eléyìí kéré. N kò ṣèlérí."

Mo gbé e délé. Ìbídùnní fi omi rẹ̀ gbé e mì, ó lóyún, ó kọrin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ẹ̀jẹ̀ dé. Nígbà náà ni mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò sunkún. Ó ní, "Ìyẹn ni pé iná wà nínú mi?"

"Ó wà."

"Ọdẹ́jìnmí," ó pè mí lórúkọ, èyí tí kò ṣe rí, "lọ sọ fún ìyá rẹ."

Mo lọ. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo agbo ilé pé mo fojú mi rí iná nínú irúgbìn Ìbídùnní. Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló bá ọ rí i?" Kí oòrùn tó wọ̀, Ìbídùnní ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ sílé baba rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu odi ìlú, kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ohun tó ń mí, ẹ má fi ọ̀bẹ wá ìdánilójú nínú rẹ̀. Òtítọ́ tí a pa ká tó rí i, kò ní bá wa délé. Bí ọmọ bá pẹ́ nílé yín, ẹ tètè wá ìrànlọ́wọ́ tọkọtaya, kí ẹ sì wá a pẹ̀lú sùúrù. Ẹ dìde wàyí, kí olúkúlùkù máa lọ sílé rẹ̀, kí ó sì kí ìyàwó rẹ̀ kí ó tó kí ẹlòmíràn.