Ìdí Tí Ẹsẹ̀ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Fi Dúdú, Tí Ṣóńṣó Ìrù Rẹ̀ Sì Funfun

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má sì rẹ́rìn-ín, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Inú máa ń bí mi nígbàkúùgbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ń dáko bí ènìyàn, ilẹ̀ kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òkè, kò ní àpáta. Àgbàdo ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, àgbàdo títí dé ibi tí ojú rí mọ. Ní ilẹ̀ náà, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti Ajáko jọra bí ẹyin adìyẹ méjì. Àwọn méjèèjì pupa, etí àwọn méjèèjì ṣe ṣóńṣó. Ẹsẹ̀ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa nígbà náà, ìrù rẹ̀ sì pupa dé òpin.

Ìwà wọn nìkan ni kò jọra. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ajáko ní tirẹ̀, abẹ́ igi ni oko rẹ̀.

Àáró ni àwọn ẹranko ibẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹgbẹ́ yóò kó ara wọn lọ sí oko ẹnì kan, wọn yóò bá a ṣán an. Tó bá tún yá, wọn yóò lọ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá kàn kì í bá wọn péjọ láàárọ̀. Oúnjẹ tí wọn yóò jẹ ni yóò máa bójú tó, oko rẹ̀ ni yóò sì ti dúró dè wọ́n. Àgbàlá Àkùkọ ni wọ́n ti ń péjọ, nítorí òun ni olórí wọn, òun ló sì ń jí gbogbo wọn lójú oorun.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá Àkùkọ ṣán oko, ó bá Ewúrẹ́ ṣán, ó bá Ọ̀yà ṣán. Ajáko kò bá ẹnikẹ́ni ṣe é. Wọ́n ti lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ tipẹ́ nítorí ọ̀lẹ.

Nígbà tó kan Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo oúnjẹ tó kù nínú ilé jọ. Ó se ẹ̀gbo, ó se ẹ̀wà. Apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan ṣoṣo tí wọn yóò gbìn ló ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ yí ìkòkò ká, wọ́n ń gbóòórùn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni ìyá wọn wí. "Ti àwọn tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ni. Tí wọ́n bá ṣán oko wa tán, tí òjò sì rọ̀, ẹ ó jẹ àgbàdo títí yóò fi sú yín."

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ajáko wọ àgbàlá Àkùkọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Àkùkọ. Èmi Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Mo ti pààrọ̀ oko, òdìkejì odò ni mo wà báyìí. Mo ní kí n wá mú yín lọ ni."

Àkùkọ ń ṣa ọkà nílẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Ó dáa. Máa lọ níwájú," ló sọ.

Ewúrẹ́ wo Ajáko, ó tún un wò, ó pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n ṣe lọ bá ọ̀lẹ ṣán oko nìyẹn, tí òun fúnra rẹ̀ sùn sábẹ́ igi títí di ìrọ̀lẹ́. Kò fún wọn ní omi mu, ká má tíì sọ oúnjẹ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dúró dè wọ́n létí oko tirẹ̀. Oòrùn kan àtàrí, kò rí ẹnì kan. Oòrùn wọ̀, kò rí ẹnì kan. Ẹ̀gbo ti kan, ẹ̀wà ti kan. Àwọn ọmọ sunkún sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá Àkùkọ.

"Bàbá, ẹ kò wá."

"A wá o. Ṣebí ìwọ lo mú wa lọ?"

"Èmi? Èmi tí mo wà lóko láti àárọ̀? Ẹ wò mí dáadáa, Bàbá. Ṣé èmi lẹ rí?"

"Ẹni tó wá pupa, ìwọ náà pupa. Etí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tìẹ náà ṣe ṣóńṣó. Kí ni mo tún fẹ́ wò?"

Ewúrẹ́ wúkọ́. "Èmi mà fura o. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí mo mọ̀ kì í sùn lóko. Àmọ́ ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bá olórí jiyàn?"

"O fura, o sì dákẹ́!" Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yíjú sí Àkùkọ. "Ajáko lẹ bá ṣiṣẹ́. Oúnjẹ ọmọ mi ni mo sè dè yín!"

Àkùkọ gbọn ìyẹ́ rẹ̀. "Àáró ti kọjá ẹ. A kì í bá ẹnì kan ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Dúró di ọdún tó ń bọ̀."

Di ọdún tó ń bọ̀! Ẹ gbọ́ ohun tí ẹni tó yó ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ n sọ tinú mi: olè burú, ṣùgbọ́n inú mi kò ru sí Ajáko tó bó ṣe ru sí Àkùkọ. Ó ní ojú, kò fi wò.

Òjò ti ń ṣú. Igbó oko náà kọjá ohun tí ẹnì kan lè dá ṣán. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ní òun yóò dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbẹ̀ kì í dá nìkan sun oko. Àwọn èèyàn ní láti yí i ká pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́, kí iná má baà fò.

"Baba wọn, ẹ má ṣe é," ni ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Ta ni yóò bá yín ṣọ́ iná?"

"Ta ni mo ní?" ló dáhùn.

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó dáná sí oko náà, ìyàwó rẹ̀ sì sáré lọ pọn omi. Kó tó dé, afẹ́fẹ́ ti yí padà, iná ti kọrí sí ihò tó jẹ́ ilé wọn létí oko, níbi tí àwọn ọmọ wà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọjá lórí ẹ̀yinná, ó fi ẹnu gbé ọmọ kan jáde. Ó padà wọlé gbé òmíràn. Ó tún padà, títí kò fi ku ọmọ kankan sínú ihò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jóná di dúdú. Iná ran ṣóńṣó ìrù rẹ̀, ó fi na eérú títí iná fi kú, eérú funfun náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ yè. Apẹ̀rẹ̀ àgbàdo jóná.

Ó tiro lọ sí àgbàlá Àkùkọ. Ta ló bá níbẹ̀? Ajáko! Ó tún ti dé, ó ń sọ pé, "Èmi Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ẹ wá bá mi gbin oko tí ẹ ṣán."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ dúdú, wọ́n wo ẹsẹ̀ pupa. Ajáko fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di inú igbó. Títí di òní, ọ̀nà jíjìn ló ti ń ké.

"Háà," ni Àkùkọ wí. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, má bínú. A ó wá lọ́la."

"Kí o wá ṣe kí ni?" Kò pè é ní Bàbá mọ́, kò sọ "ẹ" fún un mọ́. "Kí o wá ṣán eérú? Kí o wá gbin kí ni? Mo bá ọ ṣán oko rẹ, Àkùkọ. O kò bá mi ṣán tèmi. N ó gba àáró mi nínú agbo ilé rẹ, díẹ̀díẹ̀, bí o fẹ́, bí o kọ̀."

Ó gbé adìyẹ tó sanra jù ní ẹ̀gbẹ́ Àkùkọ, ó gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n jẹun yó.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti dúdú, tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì funfun. Kì í bá ẹgbẹ́ rìn mọ́, òun nìkan ló ń dá wá oúnjẹ rẹ̀ kiri etí oko. Tí ẹ bá rí ẹranko pupa kan láàárín àgbàdo, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ wo ìrù rẹ̀, kí ẹ tó pè é lórúkọ. Ẹ má fi orúkọ ẹnì kan pe ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ yẹn náà ni adìyẹ ti ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń fi ojú kan wo ẹnikẹ́ni tó bá wọ àgbàlá, tó tún ń fi ojú kejì wò ó. Ó ti wá mọ bí a ṣe ń wo èèyàn báyìí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò sì tíì gba àáró rẹ̀ tán.