Ìkòkò Àwẹ̀ró

"Má jẹ́ kí iná yẹn kú." Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró bá ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọbẹ̀ ilá wà lórí iná lọ́jọ́ náà, òun alára wà lórí ẹní àìsàn. Kí ọbẹ̀ tó jinná, ó ti dákẹ́. Ẹkún gba ilé kan, kò sí ẹni tó rántí ààrò. Nígbà tí Ọdẹ́jìmí ọkọ rẹ̀ yóò fi wo ibẹ̀, eérú tútù ló kù.

Odò Ìgbó-Ọ̀sán, ìlú wọn, ti gbẹ. Àwọn ará ibẹ̀ ń ṣí lọ ní agboolé-agboolé. Tọkọtaya náà ti jọ pinnu pé ìlú Odò-Ìrókò ni àwọn yóò lọ. Àwẹ̀ró tilẹ̀ ti ń dárúkọ ẹ̀fọ́ tí yóò gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Ọdẹ́jìmí nìkan ló di ẹrù. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lérí, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Kò ká òṣùká. Iṣẹ́ Àwẹ̀ró nìyẹn, òun kò sì ru ìkòkò rí láyé rẹ̀. Ní ẹnubodè Odò-Ìrókò ni ìkòkò ti yọ̀ lórí rẹ̀, tó fọ́ yángá. Àwọn tó rí i rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àlejò yìí rò pé irun orí òun tó òṣùká. Ó ṣa àfọ́kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dì wọ́n sínú ìró Àwẹ̀ró.

Baálẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní ilé kan tó ṣófo, ó sì sọ òfin ìlú fún un. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iná ní ààrò Baálẹ̀, nínú ohun èlò ilé tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ yá ti ẹlòmíràn. Bí oòrùn ọjọ́ kẹsàn-án bá wọ̀ tí èéfín kò rú nílé rẹ̀, ilé di ti ẹlòmíràn, kí ó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọ̀nà wo ni Ọdẹ́jìmí ní? Ìgbó-Ọ̀sán ti di ahoro.

Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ kọjá. Ẹ̀kọ tútù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, èéfín a rú nílé gbogbo, òórùn irú a gba àdúgbò. Òun a kọjú sí apá ibi tó ti wá. Bí ó bá dáná, ta ni yóò se ọbẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìyá Dúrójayé, arúgbó aládùúgbò rẹ̀, wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní òun kò dìde títí Ọdẹ́jìmí yóò fi lọ bu iná. Ojú ti Ọdẹ́jìmí. Ó gbé igbá lọ. Igbá gbiná kí ó tó jáde ní àgbàlá Baálẹ̀. Ó ká ewé kókò lé ara wọn. Ewé jó, iná já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo, oòrùn sì ti ń rẹlẹ̀.

"Igbá ẹ̀kọ lo fi gbé iná," ni arúgbó náà wí. "Ṣé o fẹ́ mu ún ni? Kí ló wà nínú ìró yẹn?"

"Ìkòkò ìyàwó mi ni, Ìyá. Ó ti fọ́. Mi ò lè dà á nù."

"Tú u."

Ó tú u. Ìyá Dúrójayé mú àpáàdì tó tóbi jù, èyí tí èéfín ọbẹ̀ ti sọ di dúdú, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Inú iná ni wọ́n ti sun èyí kó tó di ìkòkò," ni ó wí. "Orí iná ló ti lo ayé rẹ̀. Fífọ́ tó fọ́ kò ní kó máa bẹ̀rù iná. Ìwọ náà, dìde."

Ọdẹ́jìmí fi àpáàdì náà bu ẹyin iná ní ààrò Baálẹ̀. Ooru rẹ̀ dé ìka rẹ̀, kò jù ú sílẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán tí èéfín fi rú nílé rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, kò tíì rẹ́ ògiri. Kò tíì ra ìkòkò mìíràn. Kò tíì gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò. Kò tíì fọ ìró Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí iná yẹn kú mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn àgbà Odò-Ìrókò ti kọ́ ọ tí wọ́n fi ń wí títí dòní pé, àpáàdì ló tó ko iná lójú.