Odídẹrẹ́ Tó Kéde Òjò Tí Kò Rí

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi já lé Odídẹrẹ́ lórí. Irọ́ ni ó pa, irọ́ náà sì pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọdún tí odò gbẹ, àwọn ẹranko ní kí Odídẹrẹ́ máa ṣọ́ ojú ọ̀run lórí ìrókò. Èèwọ̀ wọn ni láti da òjò àkọ́rọ̀ pọ̀ mọ́ omi àtijọ́. Bí òjò bá ṣú, wọn á da omi ìkòkò nù, wọn á sì gbé ìkòkò síta. Ẹ máa gbè é pé "Jàlòlò":

Odídẹrẹ́, kí lo rí?
Jàlòlò!
Ṣé òjò ń bọ̀ lọ́nà?
Jàlòlò!

Odídẹrẹ́ ké pé, "Ó ti ṣú dẹ̀dẹ̀!" Wọ́n yìn ín, wọ́n da omi nù, òjò kò rọ̀. Ó tún kéde lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún da omi nù, Ehoro sì sin ìyá rẹ̀ tí òùngbẹ pa. Òùngbẹ kì í jẹ́ kí a ṣiyè méjì nípa ìròyìn ayọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n tún gbà á gbọ́. Òùngbẹ pa ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹtu pọ̀n.

Ẹtu gbé òkú ọmọ rẹ̀ wá sí ìdí ìrókò.

"Ẹlẹ́nu oyin, sọ̀kalẹ̀! Agbè omi kan ló kù nílé mi. Mo fẹ́ máa fún àwọn ọmọ Ehoro mu ún díẹ̀díẹ̀, kí ikú ọmọ mi má baà já sí asán. Ṣé òjò wà lókè tí màá fi dà á nù?"

Odídẹrẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo wọn.

"Kò sí, ìyá mi. N kò rí ìkùukùu kankan rí. Ìyìn yín ni mo ń wá. Èmi ni mo pa ọmọ yín. Ẹ̀yin ará, ẹ má da omi yín nù mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."