Nọ́mbà Tí Àbúrò Fi Ránṣẹ́

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ó sì ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ní eré kan láàárín ara wọn. Ọ̀kan á mú nọ́mbà ńlá wá, èkejì á wá nọ́mbà tó lè pín in tí kò ní ṣẹ́ kù. Bí ó bá wá a tì, á ní, "Mo túúbá," ẹni tó mú un wá á sì fi ìdáhùn hàn án. Àbúrò ti túúbá láìmọye ìgbà. Ẹ̀gbọ́n kò túúbá rí, kì í sì í jẹ́ kí ó gbàgbé.

Nígbà tí bàbá wọn kú, ìjà ilẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbà sọ, àbúrò sì kó lọ sí ìlú mìíràn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó fi ìwé ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, èsì mi lórí ilẹ̀ bàbá wa nìyí: 10,403."

Ẹ̀gbọ́n mú bírò. Ó fi méje pín in, ó ku ẹyọ kan. Ó fi mẹ́tàlá pín in, ó ku mẹ́ta. Bó ṣe ń gòkè lọ nìyẹn, tó ń fo gbogbo èyí tí nọ́mbà kékeré lè pín, títí dé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ó ku mẹ́rìnlélógún. Inú bí i, ó ju bírò sílẹ̀.

"Nọ́mbà tí kò ṣeé pín ló fi ránṣẹ́! Ó ní ilẹ̀ náà kò ṣeé pín. Ó fẹ́ dá a jẹ."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ kúkú túúbá, kó wí tẹnu ẹ̀."

"Èmi? Fún ọmọ tí mo gbé pọ̀n?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi dá èsì padà. Àìsàn sì pa àbúrò.

Níbi ìsìnkú, opó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ojoojúmọ́ ló ń retí yín. Ó ní mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ni tòun, mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ni tiyín. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ó mú apá tó tóbi."

Ọkùnrin náà ṣẹ́ igi kan, ó ṣe ìṣirò náà sórí iyẹ̀pẹ̀ sàréè. Ó fi mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún pín in, ó bọ́ sí mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún gẹ́lẹ́, kò ṣẹ́ kù rárá. Nọ́mbà kan péré ló kù kó dán wò lọ́jọ́ tó ju bírò sílẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Àbúrò mi, mo túúbá." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwé àbúrò rẹ ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ láti ìgbà Àjíǹde, o ní o mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. O ò mọ̀ ọ́n. Agídí ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn tó mọ̀ bíi tìrẹ sin òkú. Àbúrò tìrẹ ṣì ń jẹ́ bí a bá pè é. Dìde, lọ túúbá fún un lónìí.