Ẹ Má Gbe Orin Ọ̀bọ

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ.
Àlọ̀.
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sóko, kò bà sódò. Ilẹ̀ yìnyín ló bà sí, níbi tí Béárì funfun, ẹranko ńlá ilẹ̀ òtútù, ti ń tọ́ ọmọ rẹ̀.

Lókèèrè réré, Ọ̀bọ ń wa wúrà. Mákúrì, májèlé tó ń dán bíi fàdákà, ló fi ń fa wúrà jáde nínú iyanrìn, á sì dáná sun ún. Èéfín rẹ̀ gòkè, ó bá yìnyín bọ́ sílẹ̀ Béárì. Yìnyín yọ́, májèlé náà bá a ṣàn sínú òkun. Ẹja kékeré mu ún, ẹja ńlá gbé ẹja kékeré mì.

Nílẹ̀ àwọn Béárì, ẹja tó tóbi jù lọ ni wọ́n fi ń dá ìyá ọlọ́mọ lọ́lá. Béárì jẹ ẹ́, ó fọ́mọ lọ́yàn. Ọmọ ń gbọ̀n, kò lè rìn.

Béárì tọ ipa èéfín náà lọ bá Ọ̀bọ. “Èéfín rẹ ni.”
“Afẹ́fẹ́ ló gbé e.”
Ó tún padà lọ. “Ta ló dáná?”
“Afẹ́fẹ́ ló gbé e.”
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ọmọ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀bọ ò wo ọmọ. Orin ló dá, ará ilé rẹ̀ ń gbè é:

Ta ló ba yìnyín jẹ́?
Afẹ́fẹ́ ni.
Ta ló sọ ọmọ darọ?
Afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ̀yin náà ń gbè é? Ẹ panu mọ́. Àgbà ní ẹni tó tutọ́ sókè, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á. Ọ̀bọ tutọ́ sókè, ojú ọmọ ọlọ́mọ ló bọ́ sí. Mo tún un dá, ẹ gbè é bó ṣe yẹ:

Ta ló ba yìnyín jẹ́?
Ọ̀bọ ni.