Àwẹ̀ró Dí Ẹnu Ọ̀nà Àká

"Bí a bá jẹ èbù tán, ìyá mi, kí ni a óò gbìn nígbà tí òjò bá dé?" Àyọ̀ká, ọmọbìnrin kékeré, ló bèèrè bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn àgbà ìlú Ìdí-Arère. Adégún, baba rẹ̀, ń wo ilẹ̀. Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn. Ọ̀dá ti sọ oko di òkúta, èbù iṣu tó wà nínú àká Àwẹ̀ró, ìyá ọmọ náà, nìkan ló sì kù ní gbogbo ìlú. Balógun Akínkúnmi ti pàṣẹ pé kí wọ́n kó o jáde, kí àwọn ọmọ ogun jẹ ẹ́, kí wọ́n lè lókun láti lọ kó iṣu àwọn aládùúgbò.

Ọ̀dá nìkan kọ́ ló fa ìyà náà. Ó ti pẹ́ tí Balógun ti ń gba ọmọkùnrin lọ́wọ́ ìyá wọn, tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń kó ẹrù olóko. Wọ́n dàgbà tán, wọn kò mọ bí a ṣe ń kọ ebè. Àkọ́bí Àwẹ̀ró bá irú ogun bẹ́ẹ̀ lọ, kò padà wálé. Nígbà tí Àwẹ̀ró, akọbè-bí-ọkùnrin-méje, rí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ dání níwájú àká rẹ̀, ó sáré bọ́ síwájú wọn.

"Ìyàwó Adégún, kúrò lọ́nà," ni Balógun wí. "Ta ló ń bọ́ ìlú yìí bí kì í bá ṣe èmi?"

"Àwọn olóko tí ẹ ń jà lólè ni! Bí wọn kò bá gbìn mọ́, kí lẹ máa jí? Ẹ gba ọmọ mi, ẹ sọ ọ́ nù sínú oko olóko. Ẹ tún fẹ́ gba oúnjẹ èyí tó kù!"

Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà àká. "Ẹni tí ìyá kò bí, kó dá mi kọjá!"

Kò sẹ́ni tó mira nínú àwọn ọmọ ogun. Balógun bú wọn, ó pè wọ́n ní ojo, ó sì gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sókè. Kúkọ̀yí, ọmọ ogun rẹ̀, fà á sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò lè wò ó." Ó sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn yòókù sì sọ tiwọn. Balógun fi ìtìjú bínú jáde ní ìlú lọ́jọ́ náà, kò sì wọ ọ́ mọ́.

Àwẹ̀ró kó gbogbo wọn lọ sí àkùrọ̀ ẹ̀bá odò, níbi tí ilẹ̀ ṣì tutù. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fi eérú ra ojú èbù kó má bàa jẹrà, bí a ṣe ń fi koríko bo ebè, bí a ṣe ń gbin erèé sí ilẹ̀ tó ti rẹ̀, tí a sì ń fi í sílẹ̀ kó sinmi. Lẹ́yìn Àyọ̀ká ló fi Kúkọ̀yí sí, kí ọmọ náà máa kọ́ ọ.

"Àbúrò, ṣé bí mo ṣe sin ín yìí dára?"

"Ẹ̀gbọ́n, òkú kọ́ lẹ ń sin o! Ẹ wú u, ó ti jìn jù."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín nígbà náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti lọ.

Ibẹ̀ la wá ń pè ní Oko-Àwẹ̀ró. Títí di òní, ọmọ ìlú náà kì í gba ilẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọba, àfi tó bá ti kọ́ iṣẹ́ oko láti ìgbà òjò títí di ìgbà ìkórè. Bí ó bá sì ku ọ̀la kí wọ́n gbìn, ìyá tó dàgbà jù nínú ilé á tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà àká, á dùbúlẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí Àwẹ̀ró ti ṣe ní òru tó ṣáájú ìgbìn ní ọdún ìyàn náà, nígbà tí ebi kò jẹ́ kó fọkàn tán ẹnikẹ́ni, kódà ọkọ rẹ̀. Lóru náà, Àwẹ̀ró ń gbọ́ bí ikùn àwọn ọmọ inú ilé ṣe ń kùn. Ó ń bínú, ó ń bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn rẹ̀ pé kí wọ́n fara dà á. Kò pa ojú dé títí Àyọ̀ká fi sùn, tí Adégún sì fi ń han oorun, tí gbogbo ilé fi dákẹ́.